Omi Kò Mọ Ààlà Káńsù
Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹgbẹ́ wa bá àwọn olùdìbò sọ

Mi ò wá sọ ta ló jẹ owó, ta ni kò jẹ owó lónìí. Ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí Odò Ògùn, láti Abẹ́òkúta títí dé Ìṣẹrí àti Kárá, ẹ mọ ohun tí oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá máa ń gbé wá. Òjò lè má rọ̀ níwájú ilé yín rárá, kí omi sì máa wọ yàrá. Òkè ló ti ń bọ̀. Apá Ṣakí lọ́hùn-ún ni odò yìí ti ń ṣàn wá, Odò Ọ̀yán sì ń wọ inú rẹ̀. Lọ́dún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣe ìṣíde dáàmù tí wọ́n kọ́ sórí Ọ̀yán. Bí dáàmù bá kún, dandan ni kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bó bá wó, ti gbogbo wa tán. Mi ò bá ẹni tó ń ṣí i jà. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, ta ló lọ sọ fún ìyá ẹlẹ́ja létí odò pé wọ́n fẹ́ ṣí i?

Àjọ Ìdàgbàsókè Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun ló ń bójú tó dáàmù náà. Ọdún 1976 ni ìjọba ológun dá irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, Ìjọba Àpapọ̀ ló sì ń pàṣẹ fún wọn. Iṣẹ́ tiwa yìí kárí Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gọ́tà, ọjà, ààtàn, ọ̀nà abúlé, ọwọ́ káńsù ni gbogbo ìyẹn wà. Àjọ mọ ìgbà tí omi ń bọ̀, kò mọ ojúlé. Káńsù mọ ojúlé, kò mọ ìgbà tí omi ń bọ̀.

Ìdọ̀tí dí afárá kékeré kan ládùúgbò mi nígbà kan. Mo dé ọ́fíìsì káńsù, wọ́n ní odò kì í ṣe tiwọn. Mo dé ọ́fíìsì àwọn olómi, wọ́n ní ìdọ̀tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ mọ́tò (bẹ́ǹṣì wọn kò kúkú tura). Àwa fúnra wa la padà gbé ṣọ́bìrì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Ìbàdàn náà wà lábẹ́ àjọ kan náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún, ó pa èèyàn tó lé ní 100. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa èèyàn tó lé ní 100 ní ìlú kan náà. Ìdọ̀tí àti ilé tí a kọ́ sójú omi wà lára ohun tó fà á.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń fẹ́ ni pé kí gbogbo alága káńsù tí odò yìí gba ilẹ̀ wọn kọjá bá àjọ jókòó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Kí àjọ máa sọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí dáàmù àti bí omi náà yóò ti pọ̀ tó. Kí káńsù gbé agogo dé abúlé, nítorí rédíò nìkan kò tó. Kí káńsù kó ìdọ̀tí, kí àjọ fún àgbẹ̀ lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí àwọn ará òkè odò náà wà níbẹ̀, torí igi tí wọ́n bá gé létí odò, iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ló ń wá kún ìsàlẹ̀ dáàmù.

Wọ́n á ní owó kò sí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Bí ẹnì kan bá ṣì dì í mú, kí alága jáde wá sọ fún wa. Èló tiẹ̀ ni ìpàdé? Tábìlì, àga, omi tútù.

Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹgbẹ́ wa náà pẹ̀lú o, ẹ bi í léèrè: ọjọ́ wo lo máa lọ bá àwọn olómi? Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí dáàmù lóru, ta ni wọ́n máa pè ní abúlé yìí? Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dìde lórí àga.