Kíkà Àwọn Tí Àrùn Ojú Ń Bá Jà ní Ìletò



Àwọn baba wa a máa wí pé ojú lọba ara. Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá ní alẹ́ yìí jẹ́ ti àrùn kan tí ń lé ọba náà kúrò lórí ìtẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ti ìwòsàn rẹ̀ nìkan ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe ti ọ̀nà tí a fi ń mọ iye àwọn tí ó mú. Ẹlòmíràn lè rò pé iṣẹ́ akọ̀wé ni kíkà, àti pé kò kan àánú. Àwa pẹ̀lú ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Tirakómà ni orúkọ àrùn náà. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Ìka ọwọ́, aṣọ ìnujú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, àti eṣinṣin tí ń bà lé ipin ojú ọmọdé, àwọn wọ̀nyí ni ń gbé e kiri. Níbi tí omi bá ṣọ̀wọ́n, tí kò sì sí ilé ìyàgbẹ́, níbẹ̀ ni ó ti ń gbilẹ̀. Ní ìgbà èwe, kókó wẹ́wẹ́ a máa yọ sí inú ìpéǹpéjú òkè. Bí àrùn náà bá ń padà wá léraléra fún ọdún púpọ̀, àpá yóò dá sí ibẹ̀; àpá náà yóò fa ìpéǹpéjú wọ inú, irun rẹ̀ yóò sì máa ha ẹyinjú nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́jú, títí ẹyinjú yóò fi funfun, tí kì yóò sì ríran mọ́. Àwọn obìnrin ni ìyà náà ń jẹ jù, nítorí àwọn ni ó súnmọ́ ọmọdé jù lọ.

Báwo ni a ṣe ń mọ iye wọn? Ní 1987, Àjọ Ìlera Àgbáyé la àmì 5 sílẹ̀ tí a fi ń dá àrùn náà mọ̀. Aṣàyẹ̀wò a yí ìpéǹpéjú òkè padà, a fi awò kékeré wò ó. Bí kókó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà ní àárín rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò kéré sí ìdajì mìlímítà, a ó kà á sí ẹni tí àrùn mú.

A kò lè yẹ gbogbo ojú wò ní agbègbè tí ó ní 100,000 sí 250,000 ènìyàn. Nítorí náà a máa ń ṣẹ́ kèké yan ìletò 20 sí 30, a ó sì wọ nǹkan bí 30 agboolé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí a ó fi rí nǹkan bí 1,000 ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 1 sí 9.

A kọ́kọ́ ń dán aṣàyẹ̀wò tìkára rẹ̀ wò. Bí 90 nínú 100 ọmọ kò bá ní àrùn, ẹni tí ó di ojú rẹ̀ tí ó wí pé kò sí ìkankan yóò gba 90. Nítorí ìdí èyí, a máa ń yọ èyí tí ènìyàn lè ṣèèṣì gbà kúrò, kí a tó mọ̀ bóyá ó mọ iṣẹ́ náà nítòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Ní ìgbà èwe wa lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n bèèrè iye ọmọ ìjọ wa ní abúlé kan. A ka àwọn tí ó jókòó ní ọjọ́ Ìkórè, a sì fi iye náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Ní ọdún kejì a bá ìyá àgbà kan nínú ìyẹ̀wù, afọ́jú ni, ẹni tí a ti ṣe ìrìbọmi fún kí a tó dé ibẹ̀. Ó bi wá pé, “Olùkọ́, ṣé orúkọ mi ṣì wà nínú ìwé yín?” A kò rí èsì fún un.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ sá fún nínú kíkà àrùn ojú. Bí a bá jókòó sí abẹ́ igi, tí a ń ka àwọn tí ó bá wá, àwọn tí ojú ń dùn yóò sáré wá nítorí oògùn, iye yóò sì pọ̀ ju òtítọ́ lọ. Afọ́jú tí kò rí ẹni mú un lọ́wọ́ yóò sì wà nínú ilé, a kì yóò kà á. Nítorí náà ojúlé dé ojúlé ni a ń lọ. Bí ọmọ bá sì wà ní ilé ẹ̀kọ́, a ó tún padà kí a tó kúrò ní ìletò.

Iye yìí ni ó ń sọ ẹni tí yóò rí oògùn gbà. Bí àwọn ọmọ tí àrùn mú bá dín sí 5 nínú 100, a kì í pín oògùn fún gbogbo agbègbè náà. Bí wọ́n bá tó 5 ṣùgbọ́n tí wọn kò tó 10, a ó pín in lẹ́ẹ̀kan, kí a tó tún kà. Láti 10 títí dé ìsàlẹ̀ 30, a ó pín in lọ́dọọdún fún ọdún 3. Láti 30 lọ sókè, ọdún 5. Ẹ rí i pé àṣìṣe kékeré nínú ìwé lè fi odidi agbègbè sílẹ̀ láìní ìwòsàn.

Láti Oṣù Kejìlá 2012 títí di Oṣù Kìíní 2016, a yẹ ojú 2,600,000 ènìyàn wò báyìí ní orílẹ̀-èdè 29. Ìhà àríwá ni àrùn náà ti múlẹ̀ jù ní Nàìjíríà wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Gánà ti borí rẹ̀ ní 2018, Tógò ní 2022, àti Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ará wa ń gbé, ní 2023. Kì í ṣe pé kò ku ẹnì kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí ó mú dín sí 5 nínú 100, àwọn àgbà tí irun ń ha lójú, tí a kò tíì mọ̀, dín sí 2 nínú 1,000, a sì ti ṣètò bí a ó ti máa wá àwọn tí ó kù rí kí a lè fi iṣẹ́ abẹ tún ìpéǹpéjú wọn ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí àwọn akàwé bá dé ìletò tí ẹ ní ìbátan sí, ẹ má ṣe fi arúgbó pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ mú wọn lọ sí ìyẹ̀wù, kí ẹ sì wí pé: ẹnì kan ṣì wà níhìn-ín.