Títì Ìbòkun àti Ilé Wa Tí A Tì Pa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣù)

Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ní kí n sọ. Ọ̀rọ̀ Òṣogbo ni n ó fi sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ni ó ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Òkè Ọya yìí.

Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di ibi eré àti àwòrán. Ọmọ katikíìsì ni. Ó ti gbé ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, inú àwọn kan kò sì dùn sí i. Mbari ni orúkọ tí wọ́n mú ti Ìbàdàn wá, èdè Ìbò ni. Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìbò. Wọ́n ní Mbárí Mbáyọ̀ ni, èyíinì ni pé, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Orúkọ náà kò sì kúrò mọ́.

Ní Títì Ìbòkun nínú ìlú kan náà, Ulli Beier àti Susanne Wenger, ẹni tí a ń pè ní Àdùnní, ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ẹ wo irú ènìyàn tí ó yí wọn ká: Jímọ̀ Búràímọ̀ ni ó ń tọ́jú iná mànàmáná fún eré Ládípọ̀, bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, Twins Seven-Seven, ijó ni ó jó wọ ìlú, pẹ̀lú olóògùn tí ń kiri. Ní 1964, Georgina Beier kó ọ̀dà fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Ní ọdún náà gan-an Ọba Kò So dé Berlin. Ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo ni ó ṣe tutù? Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní òpin 1966, ogun dé ní 1967, Ládípọ̀ sì kú ní 1978. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, oríire pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù di olókìkí, ó kọ́ ilé tirẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílé.)

Àdùnní kò lọ. Òun àti àwọn bíríkìlà pẹ̀lú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tún Igbó Ọ̀ṣun ṣe, ó sì wà nínú ilé Títì Ìbòkun yẹn títí ó fi kú ní oṣù kìíní 2009. Ní 1983 Nike Okundaye dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ní 2005 UNESCO ka Igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, bí oṣù kẹjọ bá dé, àlejò a kún ìlú.

Mo yọ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n àlejò ọ̀sẹ̀ kan kò lè gbá ojú títì fún ọdún kan. Ilé tí àlejò lè wọ̀ ní Títì Ìbòkun, ẹni tí ó jókòó sí i ni ó mú un dúró. Àwa ńkọ́? A kọ́ ilé sí ìlú wa, a fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò níhìn-ín, àwọn alángbá ni ń gbé e. Bí òrùlé bá jìn, a ó tà á fún ẹni tí yóò wó o.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: yàrá iwájú kan ṣoṣo, kí a fi í fún aránṣọ, aláró tàbí ayàwòrán tí kò ní ibi iṣẹ́, kí ó máa fi títún òrùlé ṣe san owó ilé. Ìwé wà níwájú akọ̀wé. Kí ẹni tí ó bá gbà fi orúkọ àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó túká lálẹ́ yìí.