Àjòjì Lójú, Kò Fi Ríran

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, lórí bí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Amẹ́ríkà ti ń lo ìsinmi ìgbà ooru

  

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé. Ìsinmi gígùn ti ìgbà ooru, tí í máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 10 ní ilẹ̀ yìí, ti parí. Ní irú àkókò báyìí, ẹ̀sùn kan náà ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí: "Ọmọ mi kò ṣe nǹkan kan. Tẹlifíṣàn ni ó ń wò láti òwúrọ̀ títí di òru." Ẹ̀sùn yìí ni ó mú kí Ẹgbẹ́ ní kí á sọ̀rọ̀ díẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ wa títí dé òpin, nítorí ó lè jẹ́ pé orí àwa àgbà ni ẹjọ́ náà yóò dá lé.

Ọmọkùnrin kan wà, ẹni ọdún 15, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti gbà kí á ròyìn rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, bàbá rẹ̀ wa mọ́tò láti Atlanta lọ sí Miami, gbogbo ilé sì wọ ọkọ̀ òkun afẹ́ fún ọjọ́ 5. Ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kí wọn, ni kò bá wọn lọ. Ìyá ní omi tí àwọn kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn kò ní fi í ṣeré. Nígbà tí wọ́n ti òkun dé, bàbá àti ìyá padà sí ẹnu iṣẹ́, ọmọ náà sì lo ọ̀sẹ̀ tí ó kù nínú ìsinmi rẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn.

Nígbà tí a ṣe àbẹ̀wò sí ilé náà, a ní kí ó sọ ohun tí ó rí fún wa. Ọmọ náà lahùn. Ó sọ fún wa nípa oúnjẹ tí kì í tán, ní ọ̀sán àti ní òru. Ó sọ nípa odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó wà ní òkè ọkọ̀, àti ojú tẹlifíṣàn kan tí ó tóbi bí ògiri ilé, tí wọ́n gbé kọ́ sí ìta gbangba lẹ́bàá odò ìlúwẹ̀ẹ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tí mo ń wò nílé gan-an ni mo tún ń wò lójú òkun." Ó ní àwọn yà ní Nassau, ní erékùṣù Bahamas, fún wákàtí 4, òun sì ra fìlà tí a fi imọ̀ hun lọ́wọ́ obìnrin kan ní ọjà tí kò jìnnà sí èbúté.

Nígbà náà ni Ìyá àgbà, tí wọ́n ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bi í ní Yorùbá pé, "Ọmọ mi, irú ènìyàn wo ni ẹ bá níbẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn? Kí ni wọ́n ń ṣe jẹun?" Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀ pé kí ó gbà á sílẹ̀. A túmọ̀ ìbéèrè náà fún un, síbẹ̀ kò ní èsì. Ó wo fìlà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Èmi kò béèrè."

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà wa bọ̀ wọ́n ní, "Àjòjì lójú, kò fi ríran." Kì í ṣe pé ojú ọmọ yìí fọ́. Ọmọ tí ó lè ka iye ìsun omi tí ó wà nínú ọkọ̀ kò lè jẹ́ afọ́jú. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò sọ fún un, kí ó tó gbéra, pé ibi báyìí báyìí ni ìwọ ń lọ, irú ènìyàn báyìí ni ìwọ yóò bá níbẹ̀. Ǹjẹ́ ta ni ó yẹ kí ó sọ ọ́ bí kò ṣe àwa?

Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ nísinsìnyí. Ní ọdún 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọkọ̀ akẹ́rú dúró lójú òkun. Èyí tí wọ́n bá mú nítòsí ilẹ̀ Áfíríkà, Freetown ni wọ́n sábà ń kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà kọjá odindi òkun kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n ní àgbègbè Kúbà, a sì kó àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ sí Nassau. Àwọn ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn. Ní àdúgbò Bain Town, ní Nassau, àwọn ìdílé kan kò gbàgbé pé Yorùbá ni àwọn baba ńlá wọn. Ọ̀kan nínú ọmọ àdúgbò náà, Cleveland Eneas, tí ó jẹ́ oníṣègùn eyín, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1976.

Ohun kan tún wà tí ó ju ìwé lọ. Títí di òní olónìí, àwọn ará Bahamas ń dá owó jọ. Bí àwọn 10 bá para pọ̀, oníkálukú yóò mú iye kan náà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan yóò sì kó gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó di ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí agbẹjọ́rò. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ẹ̀yin ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ ní èdè wa. Orúkọ tí àwọn náà ń pè é ni "asue". Èsúsú ni! A já wọn gbà kúrò lẹ́nu ilé, lẹ́nu oko àti lẹ́nu ọjà wọn. A gba aṣọ àti orúkọ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí a gba èsúsú.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí tán nínú ilé náà, Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́, wọ́n sì dìde dúró. Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá fi jẹ́ olórí èsúsú ní ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ-ọmọ wọn kò sì mọ̀! Ó bi wọ́n pé bí ẹnì kan bá kó owó tí ó sì sá lọ ńkọ́? Ìyá dá a lóhùn pé olórí ni yóò san án, nítorí náà ni a kì í ṣe fi ẹni tí ojú kì í tì ṣe olórí. Ọmọ náà wá ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń túmọ̀ níbi tí kò bá yé e. Lẹ́yìn náà ó bi wá bí obìnrin tí ó ta fìlà fún òun bá jẹ́ ìbátan wa. A dá a lóhùn ní òtítọ́ pé àwa kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti béèrè bóyá ó ń dá asue, ọ̀rọ̀ ìbá ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ọmọ mìíràn tí ó wọ ọkọ̀ òkun. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, ará Òṣogùn. Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú rẹ̀. A tà á lọ, a tà á bọ̀, títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 a kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, nígbà tí kò tíì ju ọmọ nǹkan bí ọdún 13 lọ. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Ní ọdún 1837 ó kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní ọdún 1864. A kò fi ọkọ̀ ìrora wé ọkọ̀ afẹ́, èèwọ̀ ni. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọdé yẹn rí, ó rántí, ó sì ròyìn, nítorí náà ni àwa fi mọ̀. Bí ó bá ti dákẹ́ ni, apá kan ìtàn wa ìbá ti bá a wọlẹ̀.

Nípa ọkọ̀ afẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun àtijọ́. Ọkọ̀ Prinzessin Victoria Luise, tí àwọn ará Jámánì gbé sọ́kalẹ̀ sínú omi ní ọdún 1900, ni a kọ́kọ́ kàn fún afẹ́ nìkan. Ṣáájú rẹ̀, ọkọ̀ tí ń kó ẹrù, lẹ́tà àti èrò ni a fi ń gbafẹ́. Lónìí, ọkọ̀ Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Miami ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ga bí ilé alájà 20, èrò tí ó lè gbà sì ju 7,000 lọ. Ìlú ni, kì í ṣe ọkọ̀. Bí ìlú náà bá sì ti ní ohun gbogbo nínú, kí ni yóò mú ọmọdé bojú wo ìta? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tẹlifíṣàn rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé ènìyàn lọ sí ọ̀nà jíjìn nígbà tí ó jókòó sí ojú kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń retí kí á bú tẹlifíṣàn, ẹ dáríjì wá. Àwa Yorùbá kọ́ ni ó yẹ kí ó bú u. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní Ìbàdàn, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ. Orí rẹ̀ ni Moses Ọláìyá àti àwọn Aláwàdà rẹ̀ ti pa àwọn òbí wa lẹ́rìn-ín. Ní ìgbà náà, àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo agbo ilé ń wò. Bí òwe kan kò bá yé ọmọdé, yóò béèrè, àgbà kan yóò sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Lónìí olúkúlùkù ní tirẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí à ń bi léèrè ni ó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, kí ó sinmi, oṣù 9 ni ó fi ṣiṣẹ́." Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn, àwa náà kò sì fẹ́ sọ ọlidé di ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta tí Ìyá àgbà bi ọmọ-ọmọ wọn kì í ṣe iṣẹ́. Adùn ìrìn àjò ni. A kì í ti ìdálẹ̀ bọ̀ kí á má ní ìròyìn.

Ohun mẹ́ta péré ni a fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe kí ìsinmi mìíràn tó dé. Èkíní, kí ọmọ tó wọ ọkọ̀, kí òbí sọ fún un irú ilẹ̀ tí ó ń lọ àti irú ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀. Òbí tí kò bá mọ̀, kí ó béèrè, nítorí abèèrè kì í ṣìnà. Èkejì, kí á yan alẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí gbogbo ilé yóò jókòó wo tẹlifíṣàn pọ̀, eré Yorùbá ni kí ó jẹ́, kí ọmọ sì ní àṣẹ láti dá a dúró béèrè. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ọmọ bá dé, kí ó ròyìn fún àgbà kan ní èdè wa, ìbáà ṣe gbólóhùn 5. Bí ó bá kọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wa ni ó ti pa ahọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò bá yín wí. Ọkọ̀ ń bẹ, òkun ń bẹ, ẹ̀yin yóò sì rìn jù wá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè dáhùn ìbéèrè yín kò ní wà títí. Ìyá àgbà tí a sọ̀rọ̀ wọn yìí yóò padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní oṣù kọkànlá, wọ́n sì ti pé ọdún 84. Ọmọ náà ti kọ ojú ìwé 6 kún. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá ó pè wá lórí tẹlifóònù. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó rọra ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó èsúsú: "Ẹ kú ilé o. Ìyá ní kí n bi yín, ọjọ́ wo ni ọkọ̀ tún ń lọ sí Nassau? Ìyá ní àwọn náà yóò lọ."