Ẹ má fi abẹ́rẹ́ dẹ́rù ba ọmọ mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Tokpa, ẹ yí rédíò sókè díẹ̀.

"Tó o bá tún sunkún, màá pe nọ́ọ̀sì kó wá gún ẹ lábẹ́rẹ́!" Ta ni kò sọ ọ́ rí nínú wa? Èmi nọ́ọ̀sì gan-an sọ ọ́ fún ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ibà mú un, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ó ní, "Màmá, ara mi ti yá, ẹ má pe nọ́ọ̀sì." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Nílé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n kọ́ wa nípa Pavlov, ará Rọ́ṣíà. Kó tó fún ajá lóúnjẹ, á kọ́kọ́ jẹ́ kí nǹkan kan dún. Nígbà tó yá, bí nǹkan yẹn bá ti dún, itọ́ á máa dà lẹ́nu ajá, bí kò tiẹ̀ sí oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ lọkàn ọmọ ṣe ń so nǹkan méjì pọ̀. Aṣọ funfun, ìrora. Kò ní pẹ́, aṣọ funfun nìkan á tó láti mú un ké. Mo ti rí èyí tó sá fún ará ìjọ Sẹ̀lẹ́ nítorí sùtánà!

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ìyá tí igbe ọmọ dójú tì kì í fẹ́ padà wá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọmọ ń gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó.

Ẹ̀rù yẹn ṣeé tú. Ní 1924, Mary Cover Jones, obìnrin ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kékeré kan tó ń bẹ̀rù ehoro. Bí ọmọ náà bá ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro sí ọ̀ọ́kán, wọ́n á sì máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ń fọwọ́ pa á lára. Ẹ mú ọmọ wá kí wa lọ́jọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́. Ẹ má purọ́ pé kò ní dùn ún. Ẹ ní á ta á díẹ̀, á sì tán. Bó bá ṣì ń mu ọmú, ẹ fún un lọ́mú bí a bá ń gún un.

Tèmi ò tètè tú o. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ọmọ mi tó gbà kí n wọ aṣọ iṣẹ́ níwájú òun.