Kọ̀ǹpútà Tí Ó Wà Lókèèrè àti Ojú Tí A Fi Ń Wò Ó

Ọ̀rọ̀ tí a pèsè fún àwọn ilé ìkàwé ní Ajégúnlẹ̀, Kòsọ́fẹ́, àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká



Kò sí ẹni tí ń gbé Ajégúnlẹ̀ ti ojú ọ̀nà Ìkòròdú, èyí tí ó wà lẹ́yìn Máìlì 12, tí kò mọ ohun tí omi lè ṣe ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Odò Ògùn a kún fúnra rẹ̀, omi tí a bá sì tú sílẹ̀ láti inú ìsédò Ọ̀yán, tí ìjọba ṣí ní 1983, a tún wá bá a. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi náà lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nínú ilé wọn ní àdúgbò yìí. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, akọ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkejà lè jí ní òwúrọ̀ kí ó má rí ọ̀nà jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó fi sílẹ̀ lórí tábìlì ní ọ́fíìsì. Omi nìkan sì kọ́ ni ó ń dá ènìyàn dúró sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, òfin kónílé-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Èkó nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì sì di iṣẹ́ abẹ́ òrùlé ẹni.

Ètò kan wà tí a ń fi sínú kọ̀ǹpútà nítorí irú ìnira yìí. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó jókòó ní Ajégúnlẹ̀ lo kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ìkejà bí ẹni pé iwájú rẹ̀ gan-an ni ó wà. Kọ̀ǹpútà ti Ìkejà kò kúrò ní ipò rẹ̀. Àwòrán ojú rẹ̀ nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé wá, lẹ́tà tí a bá tẹ̀ àti ìrìn máòsì ni ó sì ń gbé padà lọ. Iṣẹ́ gan-an, lọ́hùn-ún ni a ti ń ṣe é. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1984 ni àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní X, tí ó mú kí ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kan lè fi fèrèsé rẹ̀ hàn lójú òmíràn. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ilé ìwádìí kan ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé VNC jáde, ilé-iṣẹ́ Microsoft náà sì gbé RDP tirẹ̀ jáde ní 1998. Èdè méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn títí di òní.

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, èyí tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. A kì í san owó kí a tó lò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáradára lórí ògbólógbòó ẹ̀rọ, irú èyí tí a ń rà ní àlòkù ní ọjà kọ̀ǹpútà Òtìgbà ní Ìkejà. Lára àwọn ètò tí a fi ń dé ọ̀nà jíjìn lórí Linux, Remmina ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Vic Lee ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009. Àwọn mìíràn, tí Antenore Gatta àti Giovanni Panozzo wà lára wọn, gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ èdè RDP, ó gbọ́ VNC, ó sì gbọ́ àwọn mìíràn pẹ̀lú.

Agbára ètò náà kò sí nínú àríyànjiyàn. Ojú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí, èyíinì ni àwọn fèrèsé, bọ́tìnnì àti àkọlé tí ènìyàn ń rí nígbà tí ó bá ń lò ó. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó sì wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó wà lókèèrè, àlejò ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni. Ohun tí ojú ètò yìí gbọ́dọ̀ sọ fún un ní gbogbo ìgbà, kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn, ni inú ilé tí ó wà.

Ẹ jẹ́ kí á wo akọ̀wé tí omi dá dúró yẹn. Ó ti ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti orí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwòrán náà gba gbogbo ojú ẹ̀rọ kí lẹ́tà lè tóbi tó láti kà. Kọ̀ǹpútà méjèèjì ń lo Linux. Àwọ̀ wọn bára mu, bọ́tìnnì wọn sì wà níbì kan náà. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé máòsì lọ sí igun tí ó máa ń gbé e lọ lójoojúmọ́, ó sì tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń pa kọ̀ǹpútà. Èyí tí ó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kú. Èyí tí ó wà ní Ìkejà ni ó kú. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì tí yóò tún un tàn, omi kò sì tíì fà lójú ọ̀nà. Owó oṣù ogún ènìyàn di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá wí pé àìmọ̀kan akọ̀wé ni ó fa èyí kò ṣe ìdájọ́ òdodo. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ètò tí ó ń lò ni kò sọ ibi tí ó wà fún un.

Àwọn tí ó ṣe Remmina kò ṣàì ro èyí. Nígbà tí àwòrán bá gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, ìlà bọ́tìnnì kan a máa wà lókè, tí orúkọ kọ̀ǹpútà tí a wọ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí máòsì kò bá sún mọ́ ọn, etí rẹ̀ tín-ínrín ni ó ń yọ, ààyè sì wà tí a lè fi pàṣẹ fún un pé kí ó má yọ rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní ó ń dí wọn lójú. Ohun tí ó ń dí wọn lójú yìí gan-an ni ìbá gba akọ̀wé wa là.

Ẹ wo àwọn tí ń kó tòmátì wá sí ọjà Máìlì 12. Nígbà tí a bá já apẹ̀rẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ kan, gbogbo apẹ̀rẹ̀ ni ó jọra wọn. Àmì tí olúkúlùkù bá fi sí tirẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí ojú ètò yìí fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àmì bẹ́ẹ̀: kí ilà aláwọ̀ kan yí àwòrán tí ó ti òkèèrè wá ká, pupa fún ti ọ́fíìsì, àwọ̀ ewé fún ti ilé ìwé, kí ìlà náà má sì fara pamọ́ nígbàkígbà.

Ẹlòmíràn lè wí pé kò sí ìdí fún wàhálà yìí, nígbà tí a lè yí àwòrán ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì padà sí àwọ̀ pupa kí a fi máa dá a mọ̀. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ihò kan, ihò náà sì ṣe pàtàkì fún àwa tí a ń fi owó wa ra dátà. Ojú kọ̀ǹpútà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àmì 1,024, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 768, ní àmì kéékèèké 786,432 nínú. Bí a bá fi àwọ̀ tí ó pé, tí iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 16, gbé e, àmì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 3, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ báìtì 2,359,296 fún àwòrán kan ṣoṣo kí a tó fún un pọ̀. Bí a bá dín àwọ̀ kù sí 256, báìtì 1 ni àmì kọ̀ọ̀kan ń gbà, ẹrù náà sì di ìdá kan nínú mẹ́ta. Lóòótọ́, àwọn ètò wọ̀nyí kì í gbé gbogbo àwòrán ní gbogbo ìgbà. Ibi tí ó bá yí padà nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, wọ́n sì ń fún un pọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí fóònù ni ó ti ń fa íntánẹ́ẹ̀tì ní láti dín ẹrù kù. Remmina fún un ní ìpele mẹ́rin fún RDP, láti èyí tí ó yá jù tí kò lẹ́wà, dé èyí tí ó lẹ́wà jù tí kò yá. Ohun tí ìpele tí ó yá jù ń kọ́kọ́ gé kúrò ni àwòrán ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ bí ìgbín, tí akọ̀wé sì lọ sí ìpele tí ó kéré jù, ọjọ́ náà ni àmì pupa rẹ̀ pòórá. Nítorí náà, lára ètò tí ó wà nílé ni àmì ti gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe lára kọ̀ǹpútà tí ó wà lókèèrè.

Ìpele mẹ́rin yẹn pàápàá, ó yẹ kí ojú ètò náà túbọ̀ là á yé ènìyàn. Ọ̀rọ̀ bíi “dára” tàbí “kò dára” kò sọ iye dátà tí yóò run. Ìyá ọlọ́jà kan tí ó ń ra dátà ní wákàtí sí wákàtí kò béèrè bí àwòrán ṣe lẹ́wà. Iye tí yóò ná an ni ó ń béèrè.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ń ṣe irú ètò yìí ń gbà tún ojú rẹ̀ ṣe. Àwọn kan ń kó nǹkan kúrò. Ní 2021, àwọn ẹgbẹ́ GNOME fi ètò kan tí wọ́n pè ní Connections kún iṣẹ́ wọn. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò pọ̀. Ènìyàn tẹ àdírẹ́sì, ó tẹ orúkọ, ó wọlé. Ó rọrùn fún ẹni tí kò lò ó rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ yí nǹkan púpọ̀ padà kò ní rí ibi tí yóò ti yí i. Àwọn kejì, tí Remmina wà nínú wọn, ń fi gbogbo ọjà sórí àtẹ. Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà tí ó tọ́ wà láàárín méjèèjì: kí gbogbo ọjà wà, ṣùgbọ́n kí èyí tí ó lè gba ènìyàn là wà níwájú àtẹ.

Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ tó báyìí. VNC ìpilẹ̀ṣẹ̀ kì í bo ohun tí ó ń gbé. Ẹni tí ó bá wà lójú ọ̀nà lè kà á bí ìwé tí a kò fi sínú àpòòwé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ kò ka lẹ́tà tí ó bá lé ní 8. Ohun tí a fi ń bò ó ni SSH, iṣẹ́ Tatu Ylönen, ọmọ Finland mìíràn, ní 1995. Remmina ní i, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáradára. Ṣùgbọ́n ojú ewé tirẹ̀ ni ó wà lọ́tọ̀, lẹ́yìn èyí tí àdírẹ́sì wà. Ẹni tí ó bá kọ àdírẹ́sì tán yóò tẹ bọ́tìnnì ìwọlé lójú ewé àkọ́kọ́, kò sì ní mọ̀ láéláé pé òun gbé ìwé owó àwọn ènìyàn kọjá láìbò. Ìbéèrè kan ṣoṣo lójú ewé àkọ́kọ́, pé ṣé a fẹ́ bo ọ̀nà náà, ni ó kù.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà wa náà wà níbẹ̀. Linux ti ní ètò pátákó ìtẹ̀wé fún Nàìjíríà, tí ti Yorùbá wà nínú rẹ̀, tí a fi lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ tí ó ní àmì lábẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà bá ń rìnrìn-àjò, kọ̀ǹpútà tí ó wà lókèèrè lè fi pátákó tirẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, kí orúkọ òṣìṣẹ́ kan di orúkọ ẹlòmíràn lórí ìwé owó. Ibi tí a ti ń pàṣẹ pé kí a lo pátákó ti ilé wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n nínú ìwé àṣàyàn gbogboogbò ni ó wà, ibi tí ẹni tí ó ń kánjú kì í dé.

Ẹni tí ó jókòó sí ọ̀hún náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Àwọn oníjìbìtì kan ń pe ènìyàn lórí fóònù, wọ́n a ní àwọn fẹ́ bá a tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe, wọ́n a sì gba ọ̀nà yìí wọlé. GNOME ṣe dáradára nípa èyí: bí a bá ń gbé ojú kọ̀ǹpútà lọ síbòmíràn, àmì aláwọ̀ ọsàn kan a yọ lókè. Kí ẹni tí ó bá rí i láìjẹ́ pé òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀.

Ìwé àṣẹ GPL tí Remmina ń lò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wo inú ètò náà, kí ó yí i padà, kí ó sì fún ẹlòmíràn. GitLab ni a ti lè kọ ẹ̀dùn ọkàn ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe é. Weblate sì ni àwọn tí ń túmọ̀ àkọlé rẹ̀ sí èdè mìíràn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ní sùúrù lè dá sí i láìkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kí onítumọ̀ má kàn kọ “Pa á” sórí bọ́tìnnì: kí ó kọ “Jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà òkèèrè” sí ọ̀kan, nítorí jíjáde kì í ṣe pípa.

Kí omi ọdún yìí tó dé, kí ẹni tí ó bá ní irú iṣẹ́ yìí jókòó sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ kan tí ọ̀nà ṣì gbẹ, kí ó ṣètò kọ̀ǹpútà náà kí ó lè máa tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá padà dé, kí ó fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ó yé e nínú Remmina, kí ó sì jẹ́ kí ìlà òkè náà máa yọ. Lẹ́yìn náà kí ó lọ sílé ní Ajégúnlẹ̀, kí ó wọlé láti ibẹ̀, kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ó sì jáde láìpa á. Bí ó bá padà dé Ìkejà ní ọjọ́ kejì tí ó bá kọ̀ǹpútà náà ní títàn, ó ti ṣe é bí ó ti yẹ.