Ọwọ́ Tó Ń Kun Ẹran: Àrùn Ẹranko Ìgbẹ́ àti Àwa Ará Accra

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àrùn tó ń ti ara ẹranko ìgbẹ́ bọ́ sí ara ènìyàn. N kò ní mú yín wọ igbó lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Inú ẹrù kan tó kúrò nílùú yìí ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 2003, ẹrù kan gbéra láti Accra, ó di ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe kòkó, kì í ṣe wúrà. Ẹranko ìgbẹ́ bí 800 ni, láàyè. Òkété wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, òòrẹ̀ àti oríṣiríṣi eku kéékèèké náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń rà wọ́n fẹ́ máa sìn wọ́n nínú ilé bí ènìyàn ṣe ń sin ológbò. Àwọn kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní Illinois, ó sì kó wọn sí tòsí ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní prairie dog. Ajá wà nínú orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́ ni, inú ilẹ̀ ló sì ń gbẹ́ gbé. Àwọn ẹranko yìí kó àrùn lára àlejò tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ, oníṣòwò tà wọ́n, wọ́n sì gbé àrùn náà wọ ilé àwọn tó rà wọ́n. Ènìyàn 47 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé mpox mú, tàbí pé ó jọ pé òun ló mú wọn. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àrùn náà mú ènìyàn lẹ́yìn òde Áfíríkà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó eku àti ìbátan eku láti Áfíríkà wọ ilẹ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ àrùn yìí sí àrùn ọ̀bọ. Ara ọ̀bọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní yàrá ìwádìí kan ní Copenhagen ní 1958, ni ẹ̀bi bá di ti ọ̀bọ. Ọ̀bọ kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀kẹ́rẹ́, òkété àti irú wọn ni àwọn onímọ̀ ń wo ilé àrùn náà sí.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìtàn yẹn dáadáa. Òkété kò fúnra rẹ̀ wọkọ̀. Ọwọ́ ló fà á jáde nínú ihò, ọwọ́ ló sé e mọ́ inú àgò, ọwọ́ ló kó o ti ẹranko tí kò bá a pàdé rí láti ìgbà tí a ti dá ayé. Ohun tí mo bá wá síbí lónìí kò ju èyí lọ: ọ̀nà tí àrùn ń gbà kúrò lára ẹranko dé ara wa, ọwọ́ ènìyàn ló ń la èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Kò sí ẹni tó gbé Accra tí kò mọ àdán Thirty-seven. Lórí igi tó yí ilé ìwòsàn ológun 37 ká ni wọ́n ń so rọ̀, létí ibùdókọ̀ trotro. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á bo ojú ọ̀run dúdú. Àwọn onílùú máa ń pìtàn pé wọ́n gbé ọba kan wá sí ilé ìwòsàn yẹn, àdán sì tẹ̀ lé e wá láti ìlú rẹ̀. Ọba wàjà, àdán kò padà. Wọ́n ń dúró kí olúwa wọn jáde kí wọ́n lè sìn ín lọ sílé. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, nítorí ó fi ìwà ọmọlúàbí fún ẹ̀dá tí àwa ń sọ pé kò ṣeku, kò ṣẹyẹ.

Oríṣi àdán yìí náà ló kún igi ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Èso ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán lóru, wọ́n á fò, wọ́n á sì máa ya kóró rẹ̀ dànù lọ́nà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ghana níbí fi hàn pé wọ́n lè gbé kóró kéékèèké lọ jìnnà tó kìlómítà 75. Kóró ìrókò wà lára rẹ̀. Ìrókò tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù, tí wọ́n ń wárí fún, àdán wà lára àwọn tó gbìn ín.

Òótọ́ ni pé àdán yìí ń gbé kòkòrò àrùn kiri. Lára irú rẹ̀ ní Èkó ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kan ní 1956, ìbátan èyí tó ń fa dìgbòlugi, orúkọ Èkó náà ni wọ́n sì fi pè é títí di òní. Kò sí àkọsílẹ̀ pé ó pa ènìyàn rí. Ní 2008, àwọn oníwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹ̀jẹ̀ àdán ní Ghana fi àmì hàn pé wọ́n ti bá fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìbátan Nipah pàdé. Ní Malaysia, láàárín 1998 sí 1999, Nipah ti ara àdán bọ́ sára ẹlẹ́dẹ̀, ó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ sára àwọn tó ń sìn wọ́n. Ó pa ènìyàn tó lé ní 100, wọ́n sì pa ẹlẹ́dẹ̀ bíi mílíọ̀nù kan kí ó tó rọlẹ̀.

Mo rí i lójú àwọn kan nínú yín pé ẹ̀rù ti dé. Ẹlòmíràn á ní kí sójà yìnbọn lé wọn kúrò lórí igi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò ní Kamẹrúùnù rí, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi àmì ìbátan Nipah yìí hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ti fi ọwọ́ ara wọn kun àdán rí. Ẹni tó gba abẹ́ igi kọjá kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Ní Ghana, ìwádìí kan tó jáde ní 2011 ṣírò rẹ̀ pé, ó kéré tán, àdán 128,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún, àti pé òmíràn nínú wọn ń rin ìrìn kìlómítà 400 kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ẹ ronú sí iye ọwọ́ tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ yìnbọn, àdán tí ọta kò pa tán gé e jẹ níka. Aláròóbọ̀ kó o sínú àpò. Ìyá kan jókòó sídìí iná, ó ń jó irun rẹ̀, ó ń la ikùn rẹ̀, ó ń fa ìfun jáde, ọmọ rẹ̀ kékeré jókòó tì í. Nígbà tí ẹran náà bá fi jinná dénú tó sì dé abọ́ oníbàárà ní chop bar, iná ti pa kòkòrò náà. Ewu ti kọjá lórí ẹni tó ń jẹ. Orí ìyá tó kun ẹran ló sọ̀ sí.

Nígbà Ebola ní 2014, Accra ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣe ibùjókòó ikọ̀ tó ń gbógun ti àrùn náà. Wọ́n kìlọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé kí a má jẹ ẹran ìgbẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dáhùn pé àwọn bá a lẹ́nu baba ńlá àwọn, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ náà kùnà nítorí pé ẹnu tó ń jẹ ló ń bá wí. Kò bá ọwọ́ tó ń kun ẹran sọ̀rọ̀.

Ní 2022, àrùn Marburg dé Ghana fún ìgbà àkọ́kọ́, ní agbègbè Ashanti. Ẹni mẹ́ta ló mú, méjì kú, ọmọ oṣù 14 sì wà nínú àwọn tó kú. Kì í ṣe àdán Thirty-seven là ń fura sí nínú èyí o. Oríṣi àdán mìíràn tó ń gbé inú ihò àpáta ni. Ilé ìwádìí Noguchi ní Legon ló kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ilé ìwádìí kan ní Dakar sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Noguchi tí wọ́n fi sọ ilé náà lórúkọ, ará Japan ni. Ó wá síbí láti wá ìdí ibà pọ́njú, àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé láti ara ọ̀bọ inú igbó. Àrùn náà pa á nílùú yìí ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1928. Dókítà Young, tó yẹ òkú rẹ̀ wò, kò lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí òun náà tó kú. Oníwádìí mìíràn, Stokes, ti kú ṣáájú wọn ní Èkó ní 1927, lórí iṣẹ́ kan náà.

Ti ibà Lassa, tó ṣẹlẹ̀ ní Accra ní oṣù Kejì 2023, tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ mọ̀ jù wá lọ, kò nílò ọdẹ rárá. Gaàrí tí a sá sílẹ̀ láìbò, tí eku tọ̀ sí, ó tó.

Ẹ̀yin ìyá mi tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní Kantamanto àti níbòmíràn, n kò ní kí ẹ pa iṣẹ́ yín tì, nítorí òun ni ẹ fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó kun ẹran. Lọ́jọ́ tí egbò bá wà níka yín, ẹ fi ọ̀bẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò nídìí ẹran tútù. Ẹran tó kú fúnra rẹ̀ nínú igbó, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọdẹ, kódà bó bá tà á ní ọ̀pọ̀. Bí ibà bá sì gbé yín dé ọsibítù, ẹ má dúró kí dókítà bi yín. Ẹ tètè sọ fún un pé ẹran ìgbẹ́ ni ẹ ń kun.