Ẹ Má Torí Ariwo Ará Òkè Bú Ènìyàn

Púpọ̀ nínú wa ní Al Barsha ló ń gbé fúláàtì. Bí ará òkè bá ń wọ́ àga títí di aago méjì òru, tí a sì ní láti jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún, inú á bí wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wọn. Nílé wa, a lè bú ara wa láàárọ̀ ká jọ jẹun lálẹ́. Níbí, èébú di ẹjọ́. Tó bá lọ jẹ́ lórí WhatsApp, òfin ọdún 2021 sọ pé ẹ̀wọ̀n ni, tàbí owó ìtanràn láti 250,000 dirham dé 500,000, tàbí méjèèjì. Ẹni tó ń gba 4,000 lóṣù á ṣiṣẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ, láìjẹ láìmu, kó tó san èyí tó kéré jù. Ẹ má sì yà wọ́n ní fídíò. Ẹjọ́ wà nínú ìyẹn náà.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago ariwo náà sílẹ̀. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó o. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ pe ọlọ́pàá Dubai ní 901. Ọ̀ràn pàjáwìrì ni 999 wà fún.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò o.